Ọyẹ́ Kì í Ṣe Òjò Dídì: Bí Ilé-Ìwé Ṣe Kọ́ Wa Láti Tijú Ohun Tí Ojú Wa Rí

Lọ́dún 1965, Chinua Achebe gbé àròkọ kan jáde tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní "The Novelist as Teacher". Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ kí olùkọ́ èdè kankan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbàgbé. Ìyàwó Achebe ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé ọkùnrin kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kọ àròkọ, ó sì kọ ọ́ pé ìgbà òtútù ilẹ̀ Òyìnbó, èyí tí wọ́n ń pè ní "winter", ni ó dé, nígbà tó jẹ́ pé ọyẹ́ ló ní lọ́kàn. Olùkọ́ bi í pé kí ló dé. Ọmọ náà dáhùn pé bí òun bá kọ ọyẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ òun yóò máa pe òun ní ará oko.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ìdáhùn yẹn wò dáadáa. Ọmọ náà mọ ọyẹ́, ó sì mọ orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Kì í ṣe àìmọ̀kan ló ṣe é, ìtìjú ni. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira, ọmọ tó jókòó sí kíláàsì ní ìlú ara rẹ̀ rò pé atẹ́gùn tó ń la òun létè kò yẹ ní kíkọ sínú ìwé, ṣùgbọ́n òtútù tí kò kan ara òun rí ló yẹ.

Níbo ni ìtìjú yẹn ti wá? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti dáhùn pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fà á. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Bí a bá tẹ̀lé ìtàn bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ọnà èdè àti àròkọ aṣàpèjúwe ní agbègbè wa yìí, a ó rí i pé ọ̀nà tí a gbà kọ́ni ló ya ọ̀rọ̀ nípa kúrò lára ojú. A sì lè fi èdè yòówù ṣe irú ìyapa bẹ́ẹ̀.

Kí ilé-ìwé àwọn Òyìnbó tó dé, àwọn èèyàn agbègbè yìí ti ń kọ́ ọmọ wọn ní àfiwé. Láàárín àwọn Àkan ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, òṣùwọ̀n kéékèèké tí wọ́n fi idẹ rọ ni wọ́n fi ń wọn wúrà lọ́jà. Òwe ni púpọ̀ nínú àwọn òṣùwọ̀n náà. Ọ̀kan jẹ́ ẹyẹ tó yí ọrùn sẹ́yìn, tó túmọ̀ sí pé kò léèwọ̀ kí èèyàn padà lọ mú ohun tó gbàgbé. Òmíràn jẹ́ ọ̀nì méjì tí wọ́n ní ikùn kan ṣoṣo, síbẹ̀ tí wọ́n ń jà sí oúnjẹ. Ọmọ tó bá jókòó ti àgbà nídìí ìwọ̀n lè kọ́ ìṣirò, kó sì kọ́ àfiwé pẹ̀lú, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un pé àfiwé ni òun ń kọ́.

Ní apá àríwá, ẹ̀kọ́ ọnà èdè wọ inú ìwé ní tirẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-kéwú tó bá tẹ̀ síwájú nínú ìmọ̀ Lárúbáwá máa ń dé ìdí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní balagha, ìyẹn ìmọ̀ sísọ ọ̀rọ̀ kó gún régé, kó sì wọni lára. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, "isti'ara" ni wọ́n ń pe ohun tí àwa ń pè ní àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an sì ni yíyá nǹkan lò. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn púpọ̀. Ẹni tó bá yá ẹ̀wù wọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni ín, kó sì mọ̀ bóyá ó ba òun mu. Nana Asma'u, ọmọ Usman dan Fodio, tí wọ́n bí lọ́dún 1793 tó sì kú lọ́dún 1864, lo ìmọ̀ yìí fún àwọn tí kò ní àǹfààní ìwé. Ó ń kọ ewì ní Lárúbáwá, ní Fúlàní àti ní Háúsá. Àwọn olùkọ́bìnrin tó kọ́ a máa gbé ewì náà lọ sí ìgbèríko Sókótó, wọn a sì fi kọ́ àwọn obìnrin títí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n sórí. Ó yan èdè tí olùgbọ́ lóye, kí ẹ̀kọ́ náà lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì àti ti ìjọba amúnisìn dé, nǹkan yí padà. Ìwé kíkà láti òkè òkun ni wọ́n gbé wá, àwòrán inú wọn sì jẹ́ ti òkè òkun. Ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdìrì tó lókìkí jù ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, láti Kambríìjì ló ti ń wá, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń fún ọmọ ní máàkì. Ohun tí olùkọ́ bá rò pé yóò dùn mọ́ ẹni tó ń máàkì níbẹ̀ ni yóò kọ́ ọmọ. Báyìí ni àfiwé ṣe di ohun àkọ́sórí: ó funfun bí òjò dídì, ó ń ṣiṣẹ́ bí oyin, ó gbọ́n bí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Wọ́n to orúkọ àwọn ọnà èdè, èyí tí púpọ̀ nínú wọn ti èdè Gíríìkì wá, sí pátákó. Wọ́n kọ ìtumọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi àpẹẹrẹ kan tì í. Ọmọ a kà á títí yóò fi wọ̀ ọ́ lórí, a sì gbàgbé pé ẹnì kan wo nǹkan kó tó ṣe àfiwé náà.

Ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, wọ́n máa ń fi nǹkan kan kọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ lọ́rùn. "Symbole" ni wọ́n ń pè é. Igi lè jẹ́ ẹ, egungun sì lè jẹ́ ẹ. Ọmọ náà yóò gbé e kọ́rùn títí yóò fi rí ẹlòmíràn tó ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, kó tó gbé e fún un. Bernard Dadié, ọmọ Côte d'Ivoire, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ *Climbié* tó jáde lọ́dún 1956. Ọmọ tó ń fi etí ṣọ́ èdè ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó lè gbé ẹrù ìtìjú kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, báwo ni ó ṣe fẹ́ lo òwe ìyá rẹ̀ nínú àròkọ?

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò rí bẹ́ẹ̀ látòkè délẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ sí. Lọ́dún 1922, ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes láti Amẹ́ríkà, tó ti rìn yí ká ilé-ìwé Áfíríkà, gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde. Ó bẹnu àtẹ́ lu ẹ̀kọ́ tí wọ́n kàn dà kọ láti ilẹ̀ Òyìnbó láìwo ìgbésí ayé ọmọ. Láàárín ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, àwọn nǹkan mélòó kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ kí a fi kọ́gbọ́n.

Èkíní ṣẹlẹ̀ ní Sàríà. Ilé-iṣẹ́ ìtumọ̀ ìjọba wà níbẹ̀, Rupert East sì ni ọ̀gá. Lọ́dún 1933, East lọ káàkiri láti rọ àwọn ọ̀mọ̀wé Háúsá pé kí wọ́n kọ ìtàn àròsọ ní èdè wọn, kí wọ́n sì fi díje. Nínú àpilẹ̀kọ kan tó gbé jáde lọ́dún 1936, ó ṣàlàyé pé kò rọrùn láti yí wọn lọ́kàn padà, torí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni wọ́n gbà pé ó yẹ fún ìwé. Ṣé ẹ rí i pé ìtìjú náà ni, tó kàn gba ọ̀nà mìíràn yọ? Ohun tí ojú rí lójoojúmọ́ kò tó ní kíkọ. Síbẹ̀ ìdíje náà bí ìwé márùn-ún. Abubakar Imam, olùkọ́ ní Kàtsínà, kọ *Ruwan Bagaja*. Abubakar Tafawa Balewa, olùkọ́ ní Bauchi tó padà di olórí ìjọba Nàìjíríà, kọ *Shaihu Umar*. Ẹ kíyè sí i: olùkọ́ ni àwọn méjèèjì. Àwọn tó ń máàkì àròkọ ọmọ ní ọ̀sán ni wọ́n jókòó kọ tiwọn.

Imam kò sá fún yíyá. Ó yá ìtàn lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá, ó yá lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì. East tún kó ìwé jọ fún un nígbà tó fẹ́ kọ *Magana Jari Ce* ní ìparí àwọn ọdún 1930. Àmọ́ nígbà tí ìtàn náà bá jáde lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti di ti Háúsá. Òwe Háúsá ni àwọn inú rẹ̀ ń pa, ọjà Háúsá ni wọ́n ń ná, ọgbọ́n àyínìke tí àwọn Háúsá mọ̀ ni wọ́n fi ń ré ara wọn jẹ. Ó mọ ẹni tó ni ẹ̀wù, ó sì ti tún un rán kó tó wọ̀ ọ́. Ìtumọ̀ àkọlé ìwé náà pàápàá ni pé ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ owó òwò fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò.

Ìkejì ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ígbò láàárín ìgbà kan náà. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń rí sí èdè àti àṣà Áfíríkà, tó wà ní London, gbé ìdíje kalẹ̀ fún ìwé ní èdè Áfíríkà. Pita Nwana gba ẹ̀bùn pẹ̀lú *Omenuko*, ìtàn oníṣòwò kan tó ta ọmọ ẹni ẹlẹ́ni nígbà tí gbèsè ká a mọ́. Ìwé náà di èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ígbò fi kọ́ ìwé kíkà. Òwe kún inú rẹ̀, nítorí pé báyìí ni àwọn àgbà inú ìtàn náà ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbèésí ayé wọn.

Ìkẹta ló yà mí lẹ́nu jù. Ní Sẹ̀nẹ̀gàl ni ilé-ìwé William Ponty wà, níbi tí Faransé ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní iṣẹ́ olùkọ́. Láti àwọn ọdún 1930, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ a máa fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ìsinmi: kí wọ́n padà sílé, kí wọ́n wo bí àwọn èèyàn wọn ṣe ń dáko, bí wọ́n ṣe ń gbéyàwó, bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ, ohun tí wọ́n ń jẹ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ìwé náà ṣì wà ní Dakar títí dòní, "Cahiers Ponty" ni wọ́n ń pè wọ́n. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ wọ́n, ìjọba amúnisìn sì ní ohun tirẹ̀ tó ń wá nínú wọn, torí ẹni tó bá fẹ́ ṣàkóso èèyàn a fẹ́ mọ àṣírí ilé rẹ̀. Síbẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́, ilé-ìwé sọ fún ọmọ pé kó lọ wo ilé ara rẹ̀ dáadáa, kó padà wá ṣàpèjúwe rẹ̀, yóò sì gba máàkì fún un. Dadié kan náà tó kọ nípa "symbole" jáde níbẹ̀. Eré tó kọ nígbà tó wà ní ilé-ìwé yẹn dé orí ìtàgé ní Paris lọ́dún 1937.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Achebe fúnra rẹ̀. Government College tó wà ní Umuahia ni ó lọ láti 1944. Níbẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, torí pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, William Simpson, ṣe òfin kan tó ṣàjèjì: ní àwọn ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn tí kíláàsì bá parí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ka ìwé-ẹ̀kọ́. Ọmọ lè lọ ṣeré, ó sì lè ka ìtàn àròsọ. Ilé-ìwé kan ṣoṣo yìí ni Achebe, Christopher Okigbo, Gabriel Okara, Elechi Amadi, Chukwuemeka Ike àti Ken Saro-Wiwa ti jáde. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan bá ni ọ̀tá, báwo ni Umuahia ṣe bí irú àwọn òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn tèmi ni pé ìwé kíkà fún ìgbádùn jẹ́ kí wọ́n rí bí òǹkọ̀wé ṣe ń wo ilẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n kọjú sí ilẹ̀ tiwọn, wọ́n sì wò ó bákan náà. Achebe kò kọ òwe Ígbò sórí látinú pátákó. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà ní Ogidi, ó sì gbà pé ó tó kíkọ.

Mo ti sọ pé ọ̀nà ìkọ́ni ló ya ọ̀rọ̀ kúrò lára ojú. Ẹ wo ohun tí ó ń fi dù wá. Àwọn Háúsá ní bí nǹkan bá funfun gidi, ó jẹ́ "fari fat". Bó bá dúdú, "baƙi ƙirin". Bó bá pupa, "ja wur". Yorùbá ní funfun báláú, dúdú kirikiri, pupa fòò. Kò sí òjò dídì nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n etí gbọ́ àwọ̀ náà kí ojú tó rí i. Tàbí ẹ gbé ọ̀rọ̀ ayọ̀ yẹ̀ wò. Háúsá ní ikùn funfun, ìyẹn "farin ciki". Bí ìbànújẹ́ bá dé, ikùn a di dúdú. Ígbò ní "obi ụtọ", ọkàn tó dùn. Yorùbá ní inú dídùn. Olójúkòkòrò Yorùbá, ojú ńlá ló ní lọ́dọ̀ Ígbò, "anya ukwu". Gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ọmọ ọdún mẹ́ta sì ń sọ wọ́n. Nígbà tó bá pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, a ó wá sọ fún un pé ọnà èdè jẹ́ ohun tuntun tó le, tó wà lójú ìwé kan, kí ó kọ́ ọ sórí de ìdánwò.

Láti 1952 ni a ti ní WAEC tiwa. Kì í ṣe Kambríìjì ló ń fún wa ní máàkì mọ́. Nínú 50 máàkì tó wà fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, 20 jẹ́ ti bí ọmọ ṣe lo èdè, ìpín kankan nínú ìdánwò náà kò sì sọ pé òjò dídì ni kó fi ṣe àfiwé. Àwa fúnra wa là ń bá a lọ. Ẹ wọ ilé ìtàwé èyíkéyìí ní Abùjá tàbí Accra, ẹ ó rí ìwé pélébé tó to àfiwé jọ fún àkọ́sórí. Ó ti wọ inú fóònù náà báyìí.

Níbi tí mo ti máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún àròkọ wọn ṣe, ọmọbìnrin kan láti Makurdi kọ nípa ìyá rẹ̀ pé ẹyinjú rẹ̀ ń dán bí dáyámọ́ńdì, eyín rẹ̀ sì funfun bí òjò dídì. Mo bi í pé iṣẹ́ wo ni màmá ń ṣe. Ó ní ẹja odò Benue ni wọ́n ń yan tà. Mo ní kí ó sọ ohun kan tí òun mọ̀ nípa ọwọ́ wọn. Kò tiẹ̀ ronú jìnnà: ó ní ọwọ́ ìyá òun a máa rùn èéfín títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n ti wù kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó, àti pé èéfín yẹn ni owó ilé-ìwé òun. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ gidi rèé, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Nígbà tí mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, ó bi mí pé ṣé wọn kò ní fi òun ṣẹlẹ́yà.

Ìbéèrè ọmọ 1965 náà nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí lákòókò yìí ni pé ìjọba wa kò dúró sójú kan. Ìlànà ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ti 1977 ní kí a fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 2025, wọ́n fagi lé e. Èmi kò fara mọ́ fífagi lé e. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kò ní láti dúró de Abùjá kó tó tún àròkọ aṣàpèjúwe ṣe. Umuahia àti Ponty fi hàn pé a lè la ojú ọmọ kódà nínú èdè àjèjì, Sàríà sì fi hàn pé èdè ìyá nìkan kò tó bí òǹkọ̀wé bá ṣì rò pé ohun tí òun rí kò já mọ́ nǹkan.

Kí ni olùkọ́ lè ṣe lọ́la? Kó gbé orúkọ ọnà èdè kẹ́yìn. Kó kọ́kọ́ mú ọmọ jáde lọ wo nǹkan kan: ọyẹ́ fúnra rẹ̀, ilé epo, ibùdókọ̀. Kó bi í pé kí lo rí, kí lo gbọ́, òórùn wo ló ń ta, kí ló jọ nínú ohun tí ìwọ ti fọwọ́ kàn rí? Kó jẹ́ kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní èdè ilé rẹ̀, kí wọ́n sì jọ wá ọ̀nà tí yóò gbà wọ inú Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé láìkú. Lẹ́yìn èyí, kó sọ orúkọ ohun tí ọmọ náà ti ṣe fún un. Kí ó sì fi ìwé ìtàn fún un kà, láti ibi gbogbo, kó lè rí bí ẹlòmíràn ṣe wo ilé tirẹ̀. Bí ọmọ bá sì kọ òjò dídì, kó má nà án. Kó kàn bi í pé, "Níbo lo ti rí i?"

Ohun tí Achebe fà yọ látinú ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni pé ó di iṣẹ́ òun gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé láti jẹ́ kí ọmọ yẹn mọ̀ pé kò sí ìtìjú nínú ojú ọjọ́ Áfíríkà, àti pé igi ọ̀pẹ náà tó kọ ewì lé lórí. Ó ti ju 60 ọdún lọ báyìí. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ wá lọ́dọọdún, ó ń kọjá lórí Kánò, ó ń da eruku sórí Jos, ó ń gbẹ ètè àwọn ọmọ ní Enugu àti Kumasi. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ọ́.